Ọkọ̀ Columbus Kúrò, Àṣíborí Ọbabìnrin Kù: Ìjọba àti Àmì Orílẹ̀-èdè Trinidad àti Tobago

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo kí yín o. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ kún ẹ̀yìn, ẹ kú ìkàlẹ̀. Alága ti ní kí n má fi ìkíni jẹ àkókò àwọn tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, n ó sì gbọ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1976, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣíwọ́ jíjẹ́ olórí Trinidad àti Tobago. Ìbọn kò dún, ẹnikẹ́ni kò sá kúrò nílùú. Ellis Clarke tó ti ń ṣojú fún Ọbabìnrin gẹ́gẹ́ bíi Gómìnà Àgbà di Ààrẹ. Ọkùnrin kan náà, oyè ọ̀tọ̀. Wọ́n ti gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1962, àmọ́ Ọbabìnrin ṣì wà lórí wọn fún ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe wà lórí tiwa náà láti 1960 títí di 1963. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di rìpọ́blíìkì, orílẹ̀-èdè tí kò lọ́ba lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ mú owó dọ́là wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wo àmì orílẹ̀-èdè tó wà lára rẹ̀. Apata kan wà láàárín, ẹyẹ méjì dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Lókè apata yẹn ni àṣíborí wúrà kan wà, irú èyí tí jagunjagun ń dé, ó kọjú síwájú. Àwọn tó ṣètò àmì náà ní 1962 sọ fún gbogbo ayé pé Ọbabìnrin ni àṣíborí yẹn dúró fún. Ọbabìnrin lọ ní 1976. Àṣíborí rẹ̀ kò bá a lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo gbà gbọ́ síta báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè máa múra sílẹ̀. Òfin lè lé ọba kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àmì kì í yá bẹ́ẹ̀. Ní Trinidad, ohun tó bá ń bí apá kan nínú ìlú nínú ni wọ́n ń jà títí wọ́n á fi yọ ọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bínú sí, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìkẹta tún wà, ohun tí gbogbo wọn mọ̀ pé ti òyìnbó ni, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fọkàn tán ara wọn. Ìkẹta yìí ni mo fẹ́ bá yín dé.

Ẹ jẹ́ ká yára gba ojú ilẹ̀ wọn kọjá. Erékùṣù méjì ni. Trinidad ló tóbi, ó tó nǹkan bíi 4,800 kìlómítà níbùú lóròó. Tobago kò ju 300 lọ. Àwọn tó ń gbé méjèèjì kò pé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Venezuela kò jìnnà sí wọn rárá, ibi tí ilẹ̀ méjèèjì ti sún mọ́ra jù kò ju kìlómítà 11 lọ. Columbus dé ibẹ̀ ní 1498. Sípéènì ló ni Trinidad títí di 1797 tí Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Ní ti Tobago, àwọn òyìnbó oríṣiríṣi ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà kí Gẹ̀ẹ́sì tó so ó mọ́ Trinidad ní 1889, ìsopọ̀ tí àwọn ará Tobago kan ṣì ń ráhùn lé lórí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó ẹrú lọ síbẹ̀. Nígbà tí oko ẹrú parí, wọ́n lọ kó òṣìṣẹ́ láti Íńdíà. Ọkọ̀ Fatel Razack kó àwọn àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1845. Lónìí, bí ẹ bá pín ará ìlú sọ́nà mẹ́ta, ọmọ Íńdíà lé díẹ̀ ní ìdá kan, ọmọ Áfíríkà náà lé díẹ̀ ní ìdá kan, àwọn alábùlà àti ìyókù ló ni èyí tó kù. Kò sí ẹni tó pọ̀ tó láti tẹ ẹnì kejì mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó kéré tó láti gbà kí wọ́n tẹ òun. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn.

Ètò ìjọba wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò ṣe é, kò sì fara sin. Ilé aṣòfin méjì ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní ọmọ ilé 41 tí ará ìlú dìbò yàn. Ẹni tí ó bá ní ọmọlẹ́yìn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni Olóòtú ìjọba, òun ló sì ni agbára. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní ènìyàn 31 tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún: 16 láti ọ̀dọ̀ Olóòtú ìjọba, 6 láti ọ̀dọ̀ olórí alátakò, 9 tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ ń yàn láàárín àwọn ènìyàn tó lórúkọ nínú iṣẹ́ wọn tàbí láwùjọ. Àwọn mẹ́sàn-án yìí kì í ṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Mo fẹ́ràn wọn. Ẹ wá oníṣègùn, olùkọ́, agbẹjọ́rò tí kò wá ìbò ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ ní kó wá sọ bí òfin kan ṣe rí lójú tirẹ̀. Ó máa ń ba eré àwọn olóṣèlú jẹ́ dáadáa.

Ààrẹ ńkọ́? Ilé méjèèjì ló ń pàdé pọ̀ dìbò ìkọ̀kọ̀ yàn án fún ọdún márùn-ún. Christine Kangaloo ló wà níbẹ̀ láti 2023, obìnrin kejì tó jẹ ẹ́. Paula-Mae Weekes ló ṣáájú rẹ̀ ní 2018. Olóòtú ìjọba báyìí, Kamla Persad-Bissessar, obìnrin ni òun náà. Òun ló kọ́kọ́ jẹ́ obìnrin tó dé ipò yẹn ní 2010, ó sì padà dé e ní 2025. Lójoojúmọ́, iṣẹ́ Ààrẹ kò ju kó fọwọ́ síwèé, kó gba àlejò, kó fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ènìyàn lọ́rùn. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé olówó gọbọi tí kò níṣẹ́ ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé oṣù kejìlá ọdún 2001.

Àga 36 ló wà nínú ilé aṣojú-ṣòfin nígbà yẹn. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, wọ́n ka ìbò tán, ó di 18 sí 18. Ẹgbẹ́ Basdeo Panday, tí ọmọ Íńdíà pọ̀ nínú rẹ̀, ní 18. Ẹgbẹ́ Patrick Manning, tí ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú rẹ̀, ní 18. Ìwé òfin kò sọ ohun tí wọ́n á ṣe. Ará ìlú ń wo ojú ọkùnrin kan ṣoṣo, Ààrẹ Arthur Robinson, nítorí òun nìkan ló lè yan Olóòtú ìjọba. Panday ló wà lórí àga, ọ̀pọ̀ sì rò pé òun ni wọ́n á ní kó máa bá a lọ. Ní alẹ́ ọdún Kérésìmesì ku ọ̀la, Robinson yan Manning. Ìdí tó fi lélẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé òfin wọn, nípa ìwà ọmọlúàbí àti ohun ti ẹ̀mí. Panday ní ìwà ìrẹ́jẹ ni. Nígbà tí ilé pàdé ní oṣù kẹrin 2002, wọn kò rí olórí ilé yàn, nítorí 18 kì í ju 18 lọ. Wọ́n tún ìbò dì ní oṣù kẹwàá, Manning sì rí 20. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ àga di 41, kí iye náà má baà ṣe é pín dọ́gba mọ́.

Robinson yìí, ẹ jẹ́ n dúró tì í díẹ̀. Ọmọ Tobago ni. Òun ni Olóòtú ìjọba ní ọjọ́ 27 oṣù keje 1990, nígbà tí ẹgbẹ́ Jamaat al Muslimeen gbé ìbọn wọ ilé aṣòfin, tí wọ́n mú òun àti àwọn mínísítà rẹ̀ dè. Wọ́n ní kó pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun tó yí ilé ká pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Ó gba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n kọlu àwọn tó mú òun. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọ̀ràn yẹn fi wà nílẹ̀ kí àwọn agbébọn tó túúbá, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1991, wọ́n fi Robinson joyè ní Ilé-Ifẹ̀, oyè tó ní Olókun nínú. Ẹni tí omi yí ìlú rẹ̀ ká, mi ò mọ oyè tó tún lè bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí àmì. Àsíá wọn kò gba àkókò púpọ̀: ojú rẹ̀ pupa, ọ̀já dúdú kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti igun òkè lápá òpó wá sí igun ìsàlẹ̀, funfun tín-ín-rín sì fẹ́gbẹ̀ẹ́ tì í lọ́tùn-ún lósì. Pupa ni iná oòrùn àti ìgboyà àwọn ènìyàn, funfun ni òkun àti ìdọ́gba gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ oòrùn, dúdú ni agbára àti ìṣọ̀kan. Ohun tó jẹ́ kí àsíá yẹn wọ̀ wọ́n lára ni pé ní ọjọ́ 24 oṣù keje 1976, Hasely Crawford gba wúrà eré ìje 100 mítà ní Olympics ní Montreal, wúrà àkọ́kọ́ tí ìlú náà gbà rí. Wọ́n fa àsíá sókè, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí Ọbabìnrin lọ.

Orin orílẹ̀-èdè yẹn náà ní ìtàn. Patrick Castagne kọ ọ́ fún àjọṣe àwọn erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, èyí tó yẹ kó di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àjọṣe náà fọ́ ní 1962, orin wà nílẹ̀ tí kò ní orílẹ̀-èdè, Trinidad gbà á, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tò. Ìlà kan ni gbogbo ọmọ ìlú ń fọkàn sí jù níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: pé nílẹ̀ yìí, ẹ̀sìn gbogbo àti ẹ̀yà gbogbo ní àyè tó dọ́gba. Wọ́n á fi ìlà yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú, ẹ máa bá mi bọ̀.

Òdòdó wọn ń jẹ́ chaconia. Ó pupa fòò, ó sì máa ń tanná nígbà àjọ̀dún òmìnira. Wọ́n ní orúkọ Chacón ló jẹ́, gómìnà Sípéènì tó gbẹ̀yìn, ẹni tó jọ̀wọ́ erékùṣù náà fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1797 láìjà títí. Ẹni tó pàdánù ìlú, òdòdó ìlú ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí náà ó wà níbẹ̀.

Àmì orílẹ̀-èdè gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Carlisle Chang, ayàwòrán tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà, wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣètò rẹ̀, George Bailey tó ń ṣe aṣọ eré Carnival náà wà níbẹ̀. Lórí apata, hummingbird méjì aláwọ̀ wúrà kọjú síra wọn, ẹyẹ tín-ín-tín tí ń fò dúró sójú kan, tó ń fi ẹnu gígùn fa omi òdòdó mu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, scarlet ibis ló di apata mú fún Trinidad, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó pupa láti orí dé ìrù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, cocrico ló dì í mú fún Tobago, ó jọ adìẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò dán, ariwo ló fi ń jí ìlú láàárọ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ àkọmọ̀nà wọn síbẹ̀: pé àjọlépa ni, àjọṣe sì ni àṣeyọrí.

Ẹ̀yin tó mọ Trinidad á ti máa rẹ́rìn-ín. Ibis yìí, ẹran ni lójú àwọn kan. Wọ́n ń wọ inú ẹrẹ̀ Caroni lọ yìnbọn fún un, wọ́n ń fi kọ́rì sè é. Òfin ti kọ̀ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n owó ìtanràn kò tó nǹkan. Ní 2018 ni ìjọba wá gbé e lé orúkọ àwọn ẹranko tó nílò ààbò pàtàkì: ẹni tí wọ́n bá mú, 100,000 dọ́là wọn tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Cocrico ní tirẹ̀ kò sí ní Trinidad rárá, Tobago nìkan ló wà, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń bú u tọ̀sán tòru pé ó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso àwọn. Bẹ́ẹ̀ lẹ́yẹ méjèèjì ṣe ń di apata ìjọba mú, tí wọ́n fi ọ̀kan jẹun, tí ọ̀kan sì ń jẹ oko wọn.

Àwòrán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wà nísàlẹ̀ apata láti 1962, ọkọ̀ wúrà tó ta aṣọ ìgbòkun. Ọkọ̀ Columbus ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń sọ pé kí ló kan ọkọ̀ ẹni tó mú ìparun bá àwọn onílẹ̀, tí ẹrú sì tẹ̀ lé lẹ́yìn, lórí apata orílẹ̀-èdè tó ní òun ti dòmìnira. Ní oṣù kẹjọ 2024, Keith Rowley tó jẹ́ Olóòtú ìjọba nígbà náà dúró níwájú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní San Fernando, ó ní ọkọ̀ Columbus ń lọ, pan, ohun èlò orin tí wọ́n ń fi àgbá epo ṣe, ló ń bọ̀ sípò rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2025, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Lónìí, pan aláwọ̀ wúrà ló wà níbi tí ọkọ̀ mẹ́ta wà.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn pan kò lè mọ bí ìpààrọ̀ yẹn ṣe wúwo tó.

Nígbà oko ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀, ìlù awọ ni àwọn baba wọn ń lù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù ìlù náà. Ní 1881, ọlọ́pàá fẹ́ dá eré òru Carnival dúró ní Port of Spain, ó di ìjà ńlá láàárín wọn àti àwọn tó gbé ìtùfù àti ọ̀pá lọ́wọ́. Ní 1884, òfin jáde tó de ìlù lílù lójú títì. Àwọn ènìyàn gé oparun ní gígùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀ kó máa dún, wọ́n ń pè é ní tamboo bamboo. Ọlọ́pàá tún lé ìyẹn náà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tálákà bíi Laventille bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo bísíkíìtì, agolo ọ̀dà, ìdérí ìdọ̀tí, ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ irin. Ẹnìkan ṣàkíyèsí pé ibi tí agolo bá ti jin, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Winston Simon tí wọ́n ń pè ní Spree, àti Ellie Mannette, wà lára àwọn tí wọ́n ń dárúkọ jù. Ìjà lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò tíì parí, mi ò sì ní dá sí i. Ogun àgbáyé kejì mú ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá, ilé iṣẹ́ epo ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àgbá epo òfìfo kún ibi gbogbo.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á dojú àgbá dé, ìdí rẹ̀ á kọjú sókè. Alágbẹ̀dẹ pan á mú òòlù ńlá, á máa lu ìdí náà yíká díẹ̀díẹ̀ títí á fi jin wọnú bí àwo ọbẹ̀ ńlá. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí ni. Bó bá ṣi òòlù gbé, irin á ya, àgbá yẹn ti ṣòfò. Á wá fi ìṣó tí ojú rẹ̀ kú lu ààlà yí ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Ohùn tó rẹlẹ̀ gba àyè fífẹ̀ létí, ohùn tó tín-ín-rín gba àyè kékeré láàárín. Á gé ara àgbá dànù dé ìwọ̀n tó fẹ́: pan tó ń gbé orin ní ara kúkúrú, èyí tó ń dún bíbú gùn tó odindi àgbá. Á gbé e sórí iná kí irin lè dáa fún ohùn. Ìgbà náà ni iṣẹ́ agbóhùn tó bẹ̀rẹ̀, òòlù kékeré láti òkè, òòlù kékeré láti ìsàlẹ̀, á dẹ etí, á tún lù ú. Ìyẹn lè gba ọjọ́ púpọ̀. Igi kúkúrú méjì tí wọ́n fi rọ́bà dì lórí ni wọ́n fi ń lù ú.

Àwọn tó kọ́kọ́ lù ú, ọmọ ìta ni wọ́n ń pè wọ́n. Òbí ń na ọmọ tó bá dé àgbàlá pan. Ẹgbẹ́ pan méjì pàdé lójú títì, àdá àti ìgò ni. Àmọ́ ní 1951, wọ́n ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n lù jù jọ, wọ́n kó wọn lọ sí London fún àjọ̀dún ńlá kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wo àgbá epo tó ń kọ orin, ẹnu yà wọ́n. Ìgbà tí òyìnbó pàtẹ́wọ́ tán ni ọ̀pọ̀ olówó Trinidad tó rí i pé ohun rere ni, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí wa níbí. Ní 1992 ni Manning kéde pan gẹ́gẹ́ bí ohun èlò orin orílẹ̀-èdè. Ọdún 2025 ló gorí apata.

Ibi tí wọ́n ti ń de ìlù náà ni wọ́n ti ń de ẹ̀sìn, ibẹ̀ ló sì ti kàn wá. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kọ òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n ń já àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí Freetown àti St. Helena. Láti 1841 títí wọ àwọn ọdún 1860, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ ṣiṣẹ́ oko ní Trinidad, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Òmìnira ni wọ́n bá débẹ̀, wọ́n sì mú Ṣàngó, Ògún, Ọ̀ṣun àti Yemọja dání. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù fún òrìṣà níbẹ̀, èyí tó kéré jù ń jẹ́ umele títí di òní. Àwọn oníbàtísì kan tún wà tó ń fi agogo àti igbe ẹ̀mí sìn, Spiritual Baptist. Òfin 1917 ka ìsìn wọn léèwọ̀, ọlọ́pàá ń já wọlé wọn, wọ́n ń kó wọn lọ kóòtù. Elton Griffith ló ṣáájú ìjà tí wọ́n fi pa òfin náà rẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1951, ọdún kan náà tí pan lọ London. Láti 1996, ọjọ́ 30 oṣù kẹta ti di ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òrìṣà kò rí ìsinmi, ṣùgbọ́n ní 1999 wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí ìgbéyàwó tí olórí òrìṣà bá so dúró níwájú ìjọba bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé ti lọ kí wọn ní 1988, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò yẹn bí ẹni pé àná ni. Ìsinmi mìíràn tún wà fún ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ìrántí ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè, ní 1985. Wọn kì í ṣe àjọ̀dún rìpọ́blíìkì lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ tí ilé aṣòfin tuntun kọ́kọ́ jókòó ní 1976.

Àwọn ọmọ Íńdíà ní ìjà tiwọn. Àmì ẹ̀yẹ tó ga jù ní ìlú láti 1969 ń jẹ́ Trinity Cross, Àgbélébùú Mẹ́talọ́kan, ó sì rí bí àgbélébùú lóòótọ́. Ẹ ro Híńdù tàbí Mùsùlùmí tó ti sin ìlú ní gbogbo ayé rẹ̀, tí wọ́n wá ní kó tẹrí ba kí wọ́n gbé àgbélébùú kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn kan kọ̀ ọ́ ní gbangba. Ẹgbẹ́ Híńdù àti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí jọ gbé ìjọba lọ kóòtù. Ní 2006, Adájọ́ Jamadar gbà pé ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀sìn. Òfin àtijọ́ nìkan ni kò jẹ́ kó lè fagi lé e. Ní 2008, ìjọba fúnra rẹ̀ pa orúkọ dà sí Order of the Republic of Trinidad and Tobago, àgbélébùú sì lọ. Àyè tó dọ́gba tí wọ́n ń kọ lórin lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn olùpẹ̀jọ́ ní kí wọ́n fún àwọn, wọ́n sì rí i gbà.

Ó wá kù àwọn ohun tí kò kúrò. Ilé aṣòfin wọn ń jẹ́ Red House, ilé pupa. Wọ́n kùn ún ní pupa ní 1897 láti fi yẹ́ Ọbabìnrin Victoria sí fún ọgọ́ta ọdún lórí ìtẹ́. Ará ìlú dáná sun ún nínú rògbòdìyàn omi ní 1903. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n tún kùn ún ní pupa. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní 2013, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n kan egungun àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn sin egungun náà padà ní 2019 pẹ̀lú ètùtù tiwọn. Ó pẹ́ tí àwọn aṣòfin ti ń jiyàn ẹni tó ni ìlú lórí àwọn tó ni ín.

Ní ti ìkẹta tí mo ní ẹ jẹ́ n bá yín dé. Bí ẹjọ́ bá ti gba gbogbo kóòtù Trinidad kọjá, London ló ń lọ, sọ́dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council. Rìpọ́blíìkì tó lé Ọbabìnrin lọ, ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń dájọ́ ìkẹyìn fún un. Èyí tó mú un ga ni pé láti 2005, àwọn orílẹ̀-èdè Caribbean ti ní kóòtù tiwọn tó lè gba iṣẹ́ náà ṣe, Port of Spain tó jẹ́ olú ìlú Trinidad sì ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Barbados gbà á láti ọdún náà, nígbà tí Ọbabìnrin ṣì wà lórí wọn. 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Guyana gbà á, Belize, Dominica, St. Lucia gbà á. Trinidad tó gbàlejò kóòtù, tó ń rí ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, kò gbé ẹjọ́ ìkẹyìn lọ bá a.

Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀mí ẹrú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí ìbò ti ń di 18 sí 18, tí ọmọ Íńdíà ń ṣọ́ ọmọ Áfíríkà, tí ọmọ Áfíríkà ń ṣọ́ ọmọ Íńdíà, adájọ́ tó jókòó ní London kò mọ ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni lọ sílé ìwé, kò sì retí oyè lọ́wọ́ Olóòtú ìjọba kankan. Ìjìnnà rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ìwé òfin ló sì gbé e síbẹ̀, kí wọ́n tó lè yọ ọ́, ìbò tí ẹgbẹ́ kan kì í sábà dá ní ni wọ́n nílò. Ẹgbẹ́ tó wà nínú ìjọba á fẹ́, alátakò á kọ̀, wọ́n á pààrọ̀ àga, wọ́n á sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ní 2012, Persad-Bissessar kéde pé ẹjọ́ ọ̀daràn á máa lọ sí kóòtù Caribbean, kí ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti owó ṣì máa lọ sí London. Òfin yẹn kò jáde. Apànìyàn, onílé tó ń jà sí ààlà, ilé iṣẹ́ tó ń bá ìjọba ṣẹjọ́, ọkọ̀ òfuurufú London ni ìwé ẹjọ́ gbogbo wọn ṣì ń wọ̀.